Owó oògùn lọ, ẹ̀ka kajú mi ò yéé já

Owó tí mo san fún ẹni tó wá fín oògùn sí oko kajú mi lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá ń dùn mí títí di òní. Ó fín in tán, ó gbowó lọ, ẹ̀ka ò yéé já. Èyí tó ti yọ òdòdó gan-an ló ń já!

Analeptes trifasciata ló ń ṣe é: kòkòrò dúdú oníwo gígùn, tí ìlà aláwọ̀ ọsàn mẹ́ta dábùú ìyẹ́ rẹ̀. Láti ìparí òjò wọ inú ọyẹ́ ló ń ṣọṣẹ́. Á jẹ ẹ̀ka yíká bí ẹni fi ọ̀bẹ dá òrùka sí i lára, á ku igi tín-ín-rín láàárín, á wá yé ẹyin sápá òkè tó ń kú lọ, torí inú igi tó ń kú lọmọ rẹ̀ ti ń jẹun. Afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó di ilẹ̀. Mo la ẹ̀ka kan: ìdin funfun ń yí nínú ihò tí ìyẹ̀fun igi dí pa. Oògùn wo ló fẹ́ débẹ̀? Ẹni tó gbowó mi ò sọ ìyẹn.

Ohun tó kù ni kí n gé ẹ̀ka tó ń kú, kí n ṣa èyí tó já, kí n sì sun gbogbo rẹ̀ kí ìdin tó di kòkòrò. Gígé èyí tó ṣì so kọ́ lókè ò le. Dídáná sun wọ́n ni wàhálà. Ìyá tó ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ti ṣa gbogbo èyí tó já, ó tò wọ́n sẹ́yìn ahéré, ó ní igi ìgbà òjò òun ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kòkòrò wà nínú ẹ̀."

"Ọmọ mi, kòkòrò wo ni iná ò ní pa?"

"Kó tó dé ìdí ààrò yín, á ti hu ìyẹ́, á ti fò padà sórí igi mi."

Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Inú bí mi, àmọ́ àgbà ni wọ́n, igi dídá ò sì rọrùn fún wọn. Mo mú àdá, mo la igi lójú wọn. Nígbà tí wọ́n rí ìdin, wọ́n ní, "Háà!" Síbẹ̀, àfìgbà tí mo kó igi mìíràn fún wọn dípò rẹ̀ kí wọ́n tó fi èyí tó ní ìdin nínú dáná sábẹ́ agbada lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá wo kajú mi báyìí, ó so wọ̀ǹtìwọnti! Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó bá aṣẹ́gi sọ̀rọ̀ ná kó tó gé ohunkóhun. Kó sì wo àràbà àti ìyeyè ààlà, kòkòrò yìí ń jẹ ìyẹn náà. Àràbà tèmi ló kù, mo ń wá ẹni tó lè gùn ún.