Ẹ Má Fi Orúkọ Àdúgbò Wọn Àpò Ẹnikẹ́ni l'Ékòó

Oṣù kejì tí mo kó dé Ìsàlẹ̀ Èkó ni àǹtí mi kan pè mí láti Ṣakí. Wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń gbé báyìí. Mo ní, "Áílàǹdì ni, mà." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹ̀gbọ́n méjì àti àbúrò kan ti fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí mi. Yàrá kan ṣoṣo ni mo gbà o. Àwa ayálégbé mẹ́rìndínlógún la jọ ń tò síwájú balùwẹ̀ kan, mẹ́rúwà ló sì ń ta omi fún wa.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nípa Èkó nìyẹn: kí èèyàn fi ọ̀sà pín ìlú sí méjì, kó ní olówó wà ní Áílàǹdì, mẹ̀kúnnù wà ní Méínlàǹdì. Lórí erékùṣù kan náà, láti Màríínà tí àwọn báǹkì kọ́ ilé gogoro sí, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó bọ́ sí àgbàlá tí ogún èèyàn ti ń lo ṣáláńgá kan. Ẹ wá gba orí afárá kọjá lọ sí GRA Ìkẹjà tàbí Màgódò, ẹ óò rí ilé tí owó géètì rẹ̀ nìkan lè ra gbogbo ohun tó wà nínú yàrá mi.

Ẹ má sì pe ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ olówó ní olówó. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí èyí. Nítòsí Ìdúmọ̀tà, ilé àtijọ́ kan lè wà lórí ilẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ń dù, kí bàbá àgbàlagbà tó ń gbé òkè rẹ̀ má lówó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé ẹbí ni. Owó ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ bí baba ńlá tó kọ́ ilé náà bá fẹ́ ìyàwó mẹ́fà, wọ́n á kọ́kọ́ pín in ní ìdí-igi mẹ́fà, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan á pín in fún ọmọ, ọmọ á pín in fún ọmọ-ọmọ. Èyí tó bá kan bàbá yìí lè má ju owó gáàsì oṣù kan lọ. Ẹ ní kí wọ́n tà á? Bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé ò bá fọwọ́ sí i, títà náà ò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí wọ́n bá sì tà á, níbo ni bàbá máa sùn? Onílé oníyàrá ogún ní Ajégúnlẹ̀, tí ẹ óò máa káàánú nítorí àdírẹ́sì rẹ̀, lè lówó lọ́wọ́ jù ú lọ fíìfíì.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni kí a máa sọ̀rọ̀ bíi pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni àdúgbò olówó ti jẹ́ ti olówó. Wọ́n lé èèyàn kúrò níbẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ Ọbáléndé: ọba ló lé wa dé ibí, ìjọba sì ni ọba tí wọ́n ń wí. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1924, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Ní 1955 ni àjọ náà dojú kọ ilé àwọn ará àárín Èkó, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun ni, kò burú. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ wá ń wọkọ̀ lọ bá àwọn oníbàárà tó máa ń fẹsẹ̀ rìn wá bá a tẹ́lẹ̀.

Ti Màrókò, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island, tún le jùyẹn lọ. Ní oṣù Agẹmọ 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun, katapílà wọ ibẹ̀. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n ní ó pàdánù ilé. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, omi lè gbé e. Lónìí, ilé àwọn olówó ló kún ibẹ̀. Àfi bí omi ọ̀hún bá mọ ẹni tó yẹ kó gbé. Wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé lọ sí àwọn fúláàtì ní Ìlàsàn àti Ìkòtá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fúláàtì tó ti gbó láàárín àwọn ẹ̀sítéètì Lẹ́kkì, ẹ má bèèrè pé ta ló jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí wọ ibí.

Ipò náà sì máa ń yí padà sódìkejì. GRA Àpápá gbayì nígbà kan, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí èbúté tó dí ọ̀nà pa fún ọdún mélòó kan, tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ fi kó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wálé, ẹ má wo owó ilé nìkan. Ilé Móówè àti Ìbafọ̀ dínwó, ìpínlẹ̀ Ògùn ni, àmọ́ ẹni tó ń ti ibẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó ti jí láago mẹ́rin ìdájí. Ẹ ro owó ọkọ̀ oṣù kan pọ̀ mọ́ owó ilé kí ẹ tó ní ó dínwó. Bó bá sì jẹ́ Lẹ́kkì lẹ fẹ́, ẹ má lọ wo ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kí wọ́n tó da yanrìn sí i, ọ̀nà sì lè di odò ní oṣù Òkúdu. Ajẹ́ntì ò ní sọ ọ́ fún yín. Ìyá alákàrà ni kí ẹ bi, kí ẹ sì wo ara ògiri fẹ́ǹsì dáadáa: ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá máa ń fi ìlà sílẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà.