Bẹ́ ẹ ṣe lè da acid jazz àti fọ́ńkì pọ̀ mọ́ ìlù tiwa

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń dá bándì sílẹ̀ ní Ìkòròdú, ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́ o, torí mo ti rí i káwọn bọ̀ìsì méje kóra jọ, kí kálukú máa gbá tiẹ̀, kí wọ́n ní acid jazz làwọn ń ṣe. Ariwo lásán!

Acid jazz yẹn, Lọ́ńdọ̀n ló ti jáde níparí àwọn ọdún 1980, jáàsì tí wọ́n gbé lé fọ́ńkì, orin ijó àwọn dúdú Amẹ́ríkà, káwọn èèyàn lè jó sí i ni. Tẹ́ ẹ bá sì dárúkọ acid nílé, ẹ ṣàlàyé dáadáa, kí màmá yín má lọ rò pé oògùn lẹ̀ ń ṣe.

Béèsì àti dọ́ọ̀mù lẹ máa kọ́kọ́ mú. Káwọn méjèèjì nìkan gbá nǹkan kan ṣoṣo fún ogún ìṣẹ́jú, kí gìtá lọ jókòó. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin: orí ení yẹn ni James Brown, ọ̀gá fọ́ńkì, máa ń ní kí bándì ẹ̀ balẹ̀ sí, ibẹ̀ ni béèsì àti kíìkì, dọ́ọ̀mù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá, gbọ́dọ̀ ti pàdé. Ẹ fi metronome orí fóònù, áàpù tó máa ń ka ìlù fún yín, sí bí 100 sí 110 ní ìṣẹ́jú kan. Kíbọ́ọ̀dù ò nílò wàhálà, kọ́ọ̀dù méjì péré, Dm7 àti G9, ti tó yín ṣeré títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Agogo ni ìjọ̀gbọ̀n wà. Kónkóló, ìró agogo tiwa, mẹ́ta mẹ́ta ló ń rìn, fọ́ńkì ń rìn ní mẹ́rin mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá kàn gbé wọn léra, onídọ́ọ̀mù á máa wo alágogo bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ẹ lè na kónkóló yẹn kó wọnú mẹ́rin, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí dọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ máa fì díẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní swing. Èkejì lèmi fẹ́ràn, torí inú fífì yẹn gan-an ni jáàsì wà.

Gángan wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kí saxophone panu mọ́, tó bá dákẹ́ kó wá dá a lóhùn.

Ẹni tó bá sì ní nǹkan onínǹkan lẹ̀ ń gbá, ẹ bi í bóyá ó mọ Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú níbí, orin jáàsì òyìnbó ló kọ́kọ́ ń gbá kó tó kó wọnú highlife.

Ẹ máa fi fóònù rẹ́kọ́ọ̀dù gbogbo ìrẹ̀hásà, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ nínú mọ́tò tẹ́ ẹ bá ń lọ Mile 12, gosló yẹn á kúkú jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ tán. Tẹ́ ò bá gbọ́ ohun tí gángan ń sọ, ẹ yí gìtá wálẹ̀.