Bí mo ṣe fi inú ewúrẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa inú èèyàn

Àléébù kan wà lára àwòrán inú ìwé bayọ́lọ́jì: ọkàn á dá dúró lójú ewé kan, ẹ̀dọ̀ lójú ewé mìíràn, kíndìnrín lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ SS2 tí mo ń kọ́ n'Íbàdàn lè dárúkọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ìyẹn ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ alápatà ní Bódìjà.

Ewúrẹ́ ni mo fẹ́, kì í ṣe màlúù. Kíndìnrín màlúù pín sí kókó-kókó, kò jọ ti èèyàn rárá. Ti ewúrẹ́ ń dán, ó sì tẹ̀ bí horo ẹ̀wà, bíi tiwa gan-an. Ọkàn rẹ̀ náà ní yàrá mẹ́rin bíi tiwa. Àpòlúkù rẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún alápatà, nítorí ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí. Ẹyọ kan ni èèyàn ní, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ kọ mẹ́rin sílẹ̀ fún WAEC.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa gbogbo ẹ̀ jáde pọ̀, láti gògóńgò títí dé ẹ̀dọ̀. Ẹ má gé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ orí ọkàn, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀bẹ kan fùkù.” Ó wò mí títí. “Tíṣà, ṣé kì í ṣe ètùtù lẹ fẹ́ fi ṣe?” Ọ̀rọ̀ iṣan yẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe dún lọ. Alápatà máa ń gé e dànù torí kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, tí gbogbo wa wọ ìbọ̀wọ́, ọ̀nà èémí la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti iwájú, ẹ ó rí i pé ó le. Ẹ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó rọ̀. Òrùka egungun rírọ̀ tó yí i ká kò pàdé lẹ́yìn, níbi tí ọ̀nà oúnjẹ ti fara tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èèyàn rí. Mo wá ti rọ́bà bọ inú rẹ̀, mo so ó mọ́ pọ́ńpù kẹ̀kẹ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ o, àrùn lè wà níbẹ̀. Fùkù tó ti rọ jọ wú sókè, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ sí i. Ariwo tí wọ́n pa, kíláàsì kejì wá yọjú. A gé díẹ̀ sínú omi, ó léfòó, ẹ̀dọ̀ rì. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àwọn àpò kéékèèké ló fà á. Ti èèyàn lé ní 300 mílíọ̀nù. Ìyàtọ̀ kan wà tí mo ní kí wọ́n kọ sílẹ̀: ọ̀nà èémí ewúrẹ́ máa ń ya ẹ̀ka kan sọ́wọ́ ọ̀tún kó tó pín sí méjì, tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkàn ló gba àkókò wa jù. Kí n tó fi ọ̀bẹ kàn án, mo ní kí wọ́n fi ìka tẹ apá òsì àti apá ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀tún rọ̀, òsì le gbandi. Apá ọ̀tún kàn ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú fùkù tó wà nítòsí ni. Òsì ló ń tì í dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ kan ti ìka bọ iṣan ńlá tó jáde lókè, ìka rẹ̀ sì yọ sí yàrá òsì. Kò béèrè mọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. A da omi sínú iṣan kan náà, omi dúró, torí ìlẹ̀kùn mẹ́ta tó wà nídìí rẹ̀ ti pa dé. Nígbà tí a là á, a rí àwọn okùn funfun tín-ín-rín tó di ìlẹ̀kùn àárín àwọn yàrá mú kó má bàa ṣí sẹ́yìn. Wọ́n fà á, kò já.

Ní ti ẹ̀dọ̀, mo tọ́ka sí òróòro, mo sì sọ fún wọn pé kì í ṣe òun ló ń ṣe omi kíkorò yẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, òróòro kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ kúrò fi ń jẹun lọ. Iṣan tó ń bọ̀ láti ìfun ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé oúnjẹ láti ìfun kọ́kọ́ ń gba ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé ọkàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ oògùn tí a bá gbé mì. Àpọ̀jù parasítámọ́ọ̀lù lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gidigidi.

Kíndìnrín kò sí lára ohun tí alápatà fà jáde. Ẹ̀yìn ló wà, nínú ọ̀rá, ẹ ní láti béèrè fún un lọ́tọ̀. A là á gbọọrọ, ìpele òde àti ti inú hàn kedere. Ti èèyàn ń sẹ́ omi tó tó nǹkan bíi 180 lítà láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, ìtọ̀ tó ń jáde kò sì sábà ju lítà kan sí méjì lọ; ara gba ìyókù padà. Wọ́n béèrè bóyá èèyàn lè fi ẹyọ kan ṣoṣo gbé ayé. Mo sọ ìtàn àwọn ìbejì kan fún wọn, Ronald àti Richard Herrick. Ní oṣù Kejìlá 1954, ní Boston, Dókítà Joseph Murray gbé kíndìnrín Ronald fún Richard. Richard lo ọdún mẹ́jọ sí i, Ronald tó ṣẹ́ ku ẹyọ kan sì wà láyé di 2010.

A sin ẹran náà sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, a fi ọṣẹ fọ tábìlì àti ọ̀bẹ. Àwọn kan bínú nítorí ẹ̀dọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ooru láti àárọ̀, ọwọ́ gbogbo kíláàsì sì ti kàn án.