Bí Mo Ṣe Sọ Kọ̀ǹpútà Di Alátakò Tó Tó Jà

Ẹni tó bá fẹ́ràn géèmù ogun àtijọ́ bíi tèmi á ti rí i: bí ọwọ́ èèyàn bá ti mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà ò ní lè nà án mọ́. Panzer Corps ni mo máa ń gbá jù, géèmù Ogun Àgbáyé Kejì tó jáde lọ́dún 2011. Kò sẹ́ni tá a jọ ń gbá a n'Íkòròdú níbí, kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ní, torí náà mo jókòó tì í títí mo fi rí ojútùú.

Level tó le níbẹ̀ pọ̀, orúkọ àwọn ọ̀gágun Jámánì ni wọ́n sì fi pe àwọn kan. Rommel á dín owó tí mo fi ń ra ọmọ ogun kù sí ìdajì. Guderian á dín iye turn tí mo ní kù, ìyẹn iye ìgbà tó máa kàn mí láti gbé ọmọ ogun mi kí ogun tó parí. Manstein á fi agbára 5 kún ti ọ̀tá kọ̀ọ̀kan, 10 á di 15. Manstein yìí ni mo kọ́kọ́ mú, mo sì borí, àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ọ̀tá sanra ni, kò gbọ́n sí i. Á kúrò nínú yàrà tó ti wà ní ìfọ̀kànbalẹ̀, á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu, àgbá mi á sì máa pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Ìtàn ìlú wa ló là mí lójú. Lọ́dún 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, wọn ò sì rí i gbà títí Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, fi rán ọmọ ogun wá láti Èkó, tí wọ́n lé wọn lọ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn odi, kó ṣáà má jáde. Kọ̀ǹpútà lè ṣe ìyẹn dáadáa!

Mo wá ń yan ogun tó jẹ́ pé èmi ni mò ń gbógun lọ, tí ọ̀tá ń ṣọ́ ìlú, mo sì fi Guderian sí i. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Táńkì mi tó ní agbára 10 já wọ ìlú tí ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ wà. Kó tó yìnbọn, àgbá tó wà lẹ́yìn wọn ti bà á. Ìgbà tí eruku máa rọlẹ̀, 4 ló kù. Yàrà wọn sì ń jìn sí i ní turn kọ̀ọ̀kan tí wọn ò bá ṣí kúrò. Ó di dandan kí n kọ́kọ́ fi àgbá tèmi rọ̀ ọ́, kí n tó rán ẹlẹ́sẹ̀ wọlé, turn sì ń tán lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí bàlúù já bọ́ǹbù lé àgbá yẹn ná," àbúrò mi ní.

"Turn mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta."

Àyà mi já. Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lé e: bí ìjà bá ṣe parí ló parí, mi ò ní padà sí ibi tí mo tọ́jú géèmù sí. Oríire wà nínú ìjà kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ń pa dà títí yóò fi bọ́ sí i fún mi, yàrà ọ̀tá ò wúlò mọ́ nìyẹn.

Ogun tó bá jẹ́ pé ọ̀tá ló ń gbógun bọ̀ nìkan ni mo ṣì ń lo Manstein fún. Ibẹ̀ ni sísanra yẹn ti wúlò, torí pé bí wọ́n tiẹ̀ ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní 15 á ṣì dé ọ̀dọ̀ mi.