Bí a ṣe ń sọ ṣándẹlíà àtijọ́ di ibi ìtanná àbẹ́là fún oúnjẹ alẹ́ níta

Ṣé ẹ mọ ṣándẹlíà tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sí pálọ̀ láyé ọjọ́un, aláwọ̀ góòlù, tó ní apá márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí gílóòbù rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ahọ́n iná? Ọ̀pọ̀ ilé ló ti yọ ọ́ nígbà tí sílíìnì POP dé tí gbogbo èèyàn ń fi iná LED pẹlẹbẹ sí i, ó wá wà ní stọ́ọ̀ lẹ́yìn àpò símẹ́ńtì, eruku ti bò ó. Ẹ má tíì gbé e fún oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù o. Tó bá ṣáà ti jẹ́ irin tàbí idẹ gidi, ẹ lè tú wáyà inú ẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ fi agolo síbi tí gílóòbù wà, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sábẹ́ igi ní ẹ̀yìnkùlé, kẹ́ ẹ tan àbẹ́là sí i lálẹ́, kẹ́ ẹ jókòó jẹun lábẹ́ ẹ̀ láìsí ariwo jẹnẹrétọ̀ kankan.

Àbẹ́là náà ni wọ́n kúkú ń tàn sórí ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin àwọn òyìnbó, kí iná mànàmáná tó dé. Àwa náà ò sì ṣàjèjì sí kí iná púpọ̀ máa jó lórí òpó kan ṣoṣo, ẹni tó bá ti dé Òṣogbo lóṣù kẹjọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun á ti gbọ́ nípa àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún tí wọ́n máa ń tàn lóru.

Ìdí tí mo fi fẹ́ kó wà lókè, dípò kéèyàn to àbẹ́là sórí tábìlì, ni aṣọ wa. Ẹni tó wọ agbádá tó na ọwọ́ mú àwo ọbẹ̀ ní òdìkejì tábìlì, apá agbádá yẹn á gba orí gbogbo ohun tó wà láàárín kọjá, tí àbẹ́là bá wà níbẹ̀, ẹ ti mọ èyí tó kù. Lókè ni iná yẹ kó wà. Àmọ́ tó bá ti wà lókè, òróró àbẹ́là á máa wá ilẹ̀, ilẹ̀ tó sì máa bá ni ẹ̀fọ́ rírò yín. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fáwọn èèyàn pé nínú iṣẹ́ yìí, agolo ni iṣẹ́, èyí tó kù fáàrí ni.

Wíwá èyí tó dáa

Tẹ́ ò bá ní nílé, ẹ bi mọ́lẹ̀bí, ẹ bi àwọn bíríkìlà àti kápẹ́ńtà tó ń tún ilé èèyàn ṣe, tàbí kẹ́ ẹ lọ bá àwọn tó ń ta irin àlòkù. Lẹ́kòó, Owódé Onírin ń bẹ. Kílò ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ra irin wọlé, torí náà kò yẹ kí wọ́n bu owó ṣándẹlíà tuntun lé yín, ẹ ná an dáadáa.

Ẹ mú òòfà kékeré dání, èyí tó wà lẹ́yìn spíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ti tó. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó lè jẹ́ idẹ, ó lè jẹ́ alumíníọ̀mù, ó sì lè jẹ́ ike tí wọ́n kùn ní góòlù, ike yẹn gan-an lẹ ń sá fún. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha á díẹ̀ níbi tójú ò tó, tí góòlù bá ṣí tẹ́ ẹ rí funfun tàbí dúdú tó rọ̀ nísàlẹ̀, ẹ dá a padà fún oníǹkan. Ike àti iná ò bára wọn ṣe ọ̀rẹ́, kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè dá sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí ẹnu àwọn apá ẹ̀ kọjú sí. Èyí tó kọjú sókè lẹ fẹ́. Tó bá kọjú sílẹ̀, ẹ má tíì sọ ìrètí nù, ẹ dorí ẹ̀ kodò wò, àwọn kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá yí wọn padà báyìí wọ́n tún rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibi tẹ́ ẹ máa so ṣéènì mọ́ nìkan lẹ máa tún ṣe. Kẹ́ ẹ sì mì í. Tí apá kan bá ń ṣe jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ tí ìdè ẹ̀ ò ṣe é fún le, ẹ fi sílẹ̀.

Yíyọ wáyà

Tó bá ṣì wà lókè nílé yín, ẹ fara balẹ̀ níbí. Pé wọ́n ti mú iná lọ ò túmọ̀ sí pé wáyà yẹn ti kú. Ilé tó bá ní invẹ́tà, ìṣẹ́jú tíná bá lọ ni invẹ́tà á gbé e, ẹni tó bá sì tan jẹnẹrétọ̀ láìmọ̀ pé ẹ wà lórí àkàbà, wàhálà ni. Ẹ pa bréékà tó gbé iná pálọ̀, ẹ pa invẹ́tà, ẹ sọ fún gbogbo ará ilé kí wọ́n má fọwọ́ kan ṣẹ́ńjí-óvà, kẹ́ ẹ wá fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ò bá mọ ohun tí mò ń sọ ní gbólóhùn yẹn, ẹ pe oníná mànàmáná, iṣẹ́ kékeré ni fún un. Kó sì di orí wáyà tó ṣẹ́kù sí sílíìnì dáadáa.

Tó bá ti wà nílẹ̀, ó rọrùn. Ẹ tú ìdè àárín, ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà nísàlẹ̀, ẹ máa rí ibi tí gbogbo wáyà ti pàdé. Ẹ gé e níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi pláyà fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde láti ẹnu apá. Láńpù họ́dà náà á bá a jáde, bébà tàbí ike tí wọ́n fi bò ó kó rí bí àbẹ́là náà ẹ yọ ọ́ dànù. Wáyà yẹn kópà ni o, ẹ má jù ú nù, oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù á ra ìyẹn. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ike tó so mọ́ ọn, ẹ já a. Ti gíláàsì lè dúró, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ iná nìkan, kò gbọ́dọ̀ sí nǹkankan lókè ibi tí iná máa jó. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ kan eyín: gíláàsì á tutù, á sì dún.

Fífọ̀ àti kíkùn

Idẹ: ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, ẹ fi kànrìnkàn ha á, ẹ fomi ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ kíá. Eérú náà ń ṣiṣẹ́, àwọn màmá wa ò fi nǹkan mìíràn fọ̀ ọ́. Irin tó ti dípẹtà: sáǹpépà, kẹ́ ẹ fi omi rin ín díẹ̀ kí ẹ̀gbin ọ̀dà àtijọ́ má baà fẹ́ sí yín nímú, torí ọ̀dà ayé àtijọ́ lè ní òjé nínú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kùn ún, dúdú ló ń dùn ún wò jù lábẹ́ igi lálẹ́, ojú tèmi nìyẹn. Ọ̀dà spréè lásán tó fún apá àti ṣéènì. Ti agolo, ẹ lo irú èyí tí wọ́n fi ń kun sáìléńsà ọkọ̀ tí kì í bẹ̀rù ooru, kẹ́ ẹ má sì kun inú agolo rárá. Ẹ jẹ́ kó gba ọjọ́ kan kó gbẹ.

Agolo

Agolo mílíìkì kékeré ni mo fara mọ́ jù, torí ó pọ̀ nílé gbogbo èèyàn, ó fẹ̀ tó láti gba òróró tó bá ń kán, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ga tó láti dí atẹ́gùn díẹ̀. Agolo tòmátò náà dáa. Ẹ ya orí ẹ̀ pátápátá, ẹ fi hámà tẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má gé yín lọ́wọ́, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ní ẹnu apá ṣándẹlíà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ láńpù họ́dà, ẹ sábà máa rí páìpù kúkurú tó ní ojú ìdè. Mìlímítà 10 ni èyí tó wọ́pọ̀ jù, àmọ́ ẹ wọn tiyín. Ẹ fi dírílì lu ihò tó bá a mu sí àárín ìdí agolo, ẹ ki páìpù bọ inú ẹ̀, ẹ fi wọ́ṣà sí i lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ọ̀tì fún un pinpin. Tí páìpù bá kúrú jù, ẹ ra bóòtù tó gùn díẹ̀. Ihò àárín bóòtù àti páìpù ni òróró lè gbà jò, torí náà wọ́ṣà yẹn ò gbọdọ̀ láyè rárá.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbọ́. Ooru àbẹ́là máa ń mú púpọ̀ nínú gọ́ọ̀mù rọ̀, agolo tó kún fún òróró gbígbóná á wá já lulẹ̀ sórí àwọn àlejò yín. Tí kò bá sí ojú ìdè, ẹ gbé e lọ bá wẹ́dà onígáàsì, àwọn tó ń lo kábáìdì, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá idẹ jó idẹ mọ́ irin. Wẹ́dà oníná lásán lè dá ihò sí agolo torí pé ó fẹ́lẹ́ jù.

Ẹ wá da yanrìn gbígbẹ sínú agolo títí dé ìdajì. Yanrìn yìí á bo nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀, á di àbẹ́là mú kó má fì, á gba ooru kó má dé ìdí, òróró tó bá sì kán, inú ẹ̀ ló ń wọ̀. Yanrìn odò tẹ́ ẹ ti sẹ́ tẹ́ ẹ sì ti sá gbẹ ló dáa, èyí tó bá lómi nínú á máa ta pàrà.

Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, ẹ ki ìgò jáàmù tàbí ife gíláàsì gígùn sínú agolo, kí etí gíláàsì ga ju iná lọ. Gíláàsì tó bá ti sán díẹ̀ báyìí ẹ má lò ó.

Gbígbé e kọ́

Ṣéènì irin ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe okùn. Okùn ráḿbà aláwọ̀ búlúù tàbí ofeefee yẹn ike ni, tí ooru bá kàn án á yọ́. Tó bá jẹ́ igi máńgòrò, ẹ wá ẹ̀ka tútù tó nípọn tó itan àgbàlagbà, kó má jẹ́ èyí tó ti gbẹ. Ẹ fi tíúbù táyà àtijọ́ wé ẹ̀ka náà níbi tí ṣéènì máa gbé, kó má baà gé èèpo igi. Kí ewé tó sún mọ́ iná jù lọ jìnnà tó mítà méjì sókè. Lásìkò ọyẹ́ tí gbogbo ewé ti gbẹ tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ látòkè ọya wá, ẹ jìnnà sí igi pátápátá, ẹ wá òpó irin. Ahéré tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko bo orí ẹ̀, mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ.

Kẹ́ ẹ tó so ó lókè, ẹ so nǹkan tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po méjì mọ́ ṣéènì yẹn, àpò ìrẹsì kékeré tàbí kẹ́ẹ̀gì omi, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Báwo ló ṣe máa ga tó sórí tábìlì? Àwọn òyìnbó máa ń ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 90 láti ojú tábìlì dé ìdí ṣándẹlíà. Wọn ò ro gèlè mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó wé gèlè, tó dìde bẹ̀rẹ̀ síwájú láti bu ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ, orí gèlè yẹn á wọ àárín iná lọ tààrà. Mítà kan ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí. Tó bá ga ju bí ọwọ́ ṣe lè dé lọ, ẹ fi ìkọ́ sí orí ṣéènì kẹ́ ẹ lè máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tan iná, kẹ́ ẹ tún gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹni méjì ni kó ṣe ìyẹn.

Títan iná

Ẹ má to àbẹ́là sí i lọ́sàn-án. Nínú oòrùn oṣù kẹta, àbẹ́là á tẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ gé òwú ẹ̀ kù bí mìlímítà mẹ́fà, òwú tó bá gùn máa ń yọ èéfín dúdú, á sì mú òróró ṣàn kíá. Àbẹ́là tó kúrú tó nípọn sàn ju gígùn lọ. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn kékeré inú páànù pẹlẹbẹ yẹn rà, bíi wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ń lò, ó tó oúnjẹ jẹ, ó tó gbọ́yìísọ̀yìí.

Ẹ má retí pé á mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán ṣá. Àbẹ́là kan ò ju bíi lúmẹ́ẹ̀nì 12 lọ, gílóòbù wáàtì 60 ti àtijọ́ ń fún wa ní bíi 800, nítorí náà mẹ́fà tẹ́ ẹ tàn lápapọ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gílóòbù kan. Ìyẹn ni pé ẹ má se ẹja elégungun lálẹ́ ọjọ́ náà o. Ẹ ṣe mọ́ínmọ́ín, ẹ ra sùyà, àsáró náà dáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ sí i, ẹ fi láńtà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Nítorí ẹ̀fọn, àwọn èèyàn máa ń fi ewé ẹfinrin sí ìdí tábìlì, òórùn ẹ̀ dùn, àmọ́ ẹ ṣì fi nǹkan para.

Garawa yanrìn kan kó wà nítòsí, kí àgbàlagbà kan sì máa wà níbẹ̀ títí gbogbo iná á fi kú. Tí afẹ́fẹ́ òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òróró á ti dì mọ́ yanrìn, ẹ fi ṣíbí kó ìṣù ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ fi yanrìn tuntun dípò. Àbẹ́là tó ṣẹ́kù, ẹ kó o jọ sínú agolo kan, ẹ gbé agolo náà sínú omi gbígbóná kó yọ́, kẹ́ ẹ ki òwú sí àárín, òmíràn ti dé. Tó bá sì ti kán sí aṣọ ẹnì kan, ẹ má fi omi rin ín, ẹ jẹ́ kó dì, ẹ fi èékánná họ èyí tó bá lè ṣí, ẹ wá tẹ́ bébà tí kò ní inkì sókè àti sísàlẹ̀ ibẹ̀, kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná díẹ̀ lọ̀ ọ́, bébà á fa òróró yẹn mu, ẹ máa pààrọ̀ bébà títí kò fi ní sí àmì lára ẹ̀ mọ́.