Èèpo Iṣu Kì Í Ṣe Ohun Gọ́tà: Ajílẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé fún Àwa Ará Adó-Èkìtì

Ta ni kò tíì rí i kí tòmátì hù fúnra rẹ̀ lórí àkìtàn, kí ó sì so ju èyí tí a gbìn lóko lọ? Ó ti pẹ́ tí àkìtàn ti ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Àwa la dé ìgboro tí a bẹ̀rẹ̀ sí í da oúnjẹ ilẹ̀ sínú gọ́tà.

Láti ìgbà tí Adó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1996, ilé ti gun òkè, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò Ajílosùn. Òjò tó ń rọ̀ sórí páànù àti kọnkéré kò ríbi wọlẹ̀ mọ́, gọ́tà nìkan ló kù fún un. Bí èèpo usu (a kúkú mọ bí a ti ń gúnyán tó níbí) àti ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bá dí gọ́tà náà, yàrá ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni omi ń yà sí. Ẹni tó da pàǹtírí lókè kì í sábà rí i.

Èèpo tí ewúrẹ́ bá jẹ kù, ẹ má dà á nù, ajílẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe. Ẹ wá ibi òjìji lẹ́yìnkùlé, mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Ẹ fi ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ da ewé tàbí koríko gbígbẹ lé e, kí ẹ tó da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdí ẹ̀fọ́ sí i. Garawa tútù kan, garawa gbígbẹ méjì sí mẹ́ta: ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Òkìtì àkọ́kọ́ tí mo ṣe rùn débi pé àwọn ará ilé ní kí n kó o kúrò, nítorí èèpo tútù nìkan ni mo dà jọ. Ewé gbígbẹ ló wò ó sàn.

Ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ yóò mú un yá. Ẹran, egungun, ọbẹ̀ elépo àti ìgbẹ́ ajá kò gbọdọ̀ débẹ̀. Eku àti eṣinṣin ni wọ́n ń fà wá. Ọ̀rá kì í jẹrà, ẹ ṣà á kúrò.

Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí àárín rẹ̀ bá gbóná, iṣẹ́ ń lọ. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́ tí omi ń ṣàn jáde, ó ti tutù jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, yóò dúdú, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Ẹ po ìwọ̀n kan nínú rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n iyẹ̀pẹ̀ méjì, ẹ rọ ọ́ sínú àpò ìrẹsì tí ẹ ti lu nídìí, kí ẹ gbin tẹ̀tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ ti ń já a sọ́bẹ̀. Ẹni tó gba yàrá kan péré ní Òkè-Ìlá náà lè gbé àpò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Bí tiyín bá ti jinná, ẹ bu abọ́ kan fún aládùúgbò tó ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú rẹ̀ yóò bá tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó wá fojú rí òkìtì yín, kí ó fọwọ́ kàn án, torí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu lásán a máa rò pé yóò rùn. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lókè yín, níbi tí àgbàrá ti ń bọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.