Àpò ẹyin ekurá mẹ́tàlélógún nínú bàsíà ìdáná wa

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ó ní, "Dádì Tóbi, kí lẹ kó sínú bàsíà tí mo fi ń ṣan ẹ̀fọ́?" Mo ní ẹyin ekurá ni. Ó wo inú bàsíà, ó wò mí, ó ní kí àti ẹyin àti òórùn rẹ̀ ti kúrò nílé kí òun tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ náà ò le tó bẹ́ẹ̀. Àpò ẹyin ekurá, ẹja tí Òyìnbó ń pè ní shark, lásán ni, òfìfo. Portsmouth là ń gbé, létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níléèwé Tóbi, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe iṣẹ́ kan lórí ẹ̀dá inú òkun kí wọ́n tó wọlé padà. Ó ní ekurá lòun fẹ́, pé ọba inú òkun ni, nítorí eyín rẹ̀. Èmi ni mo wá rí i pé ẹgbẹ́ kan wà ní Plymouth, Shark Trust, tí wọ́n ti ń bẹ ará ìlú láti ọdún 2003 pé kí wọ́n bá àwọn ṣa àpò ẹyin ekurá létí òkun. Great Eggcase Hunt ni wọ́n sọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá rí àpò á wá irú ẹja tó yé e, á sì fi ránṣẹ́ sí wọn lórí áàpù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ àgbègbè tí àwọn ẹja wọ̀nyí ń yé sí, láìju àwọ̀n kankan sómi.

Mo pe màmá mi ní Ìgbókòdá, tí wọ́n ta ẹja gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ekurá ń yé bí adìyẹ kẹ̀? Èyí tí wọ́n là níwájú èmi, ọmọ ló wà níkùn ẹ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ ekurá ló ń bímọ láàyè. Àwọn tó ń yé náà wà, àwọn ìbátan wọn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní skate náà sì ń yé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí ìjì ti jà fún ọjọ́ méjì, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Hayling Island. Mo ti yẹ àkókò tí omi máa fà sẹ́yìn wò. Ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú gbáko la fi rìn tí a ò rí nǹkankan, àfi ike àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Àṣìṣe mi ni: ẹ̀bá omi ni mo ń wò, níbi tí iyanrìn ti mọ́ tónítóní. Ìyá àgbà kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ló bi wá ohun tí à ń wá. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ nà sí òkè, níbi tí ìgbì ti kó ewé òkun dúdú jọ gọngọ, tó ti ń gbẹ, tó ń rùn. Ó ní inú ìdọ̀tí ibẹ̀ ni kí a tú.

A tú u. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Tóbi fi kígbe.

Òyìnbó ń pe nǹkan náà ní pọ́ọ̀sì mámíwọ́tà, ó sì jọ ọ́ lóòótọ́. Ti catshark, ekurá kékeré alámì tótòtó tó pọ̀ jù lọ létíkun wọn, pọ́n bí oyin, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn tó ìka mi. Ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni okùn wínníwínní ti jáde, tó lọ́ pọ̀ bí ọwọ́ tí ìtàkùn ẹ̀gúsí fi ń di igi mú. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Bí ìyá ẹja bá fẹ́ yé, á máa lúwẹ̀ẹ́ yípo ewé òkun títí okùn yẹn á fi so mọ́ ọn, kí ìgbì má baà gbé ẹyin lọ. Ti skate dúdú, ó fẹ̀ bí ìrọ̀rí, kò lókùn, ìwo mẹ́rin ló ní.

Ọ̀kan wúwo lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti kìlọ̀ pé tí ẹnì kan bá rí èyí tí ọmọ ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, kó dá a padà sómi. Àyà mi já. Mo tan iná fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀, èmi àti Tóbi fojú sí i. Iyanrìn ló kún un.

Mẹ́tàlélógún la kó délé. Àṣìṣe kejì: mo mú rúlà, mo wọ̀n wọ́n bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àpò skate márùn-ún wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tó sẹ̀ńtímítà márùn-ún. Mo bá kọ "spotted ray", irú skate kan tí àpò rẹ̀ kéré, síwájú wọn. Ìgbà tí mo padà ka ìlànà dáadáa ni mo rí i pé àpò tó bá gbẹ máa ń sún kì. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí bíi mélòó kan. Bí bàsíà ẹ̀fọ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, wọ́n ti wú, wọ́n ti rọ̀ bí pọ̀ǹmọ́. Mo tún wọn márùn-ún yẹn láìka ìwo mọ́ ọn: gbogbo wọn ti lé ní sẹ̀ńtímítà mẹ́fà. Thornback, irú skate mìíràn tí àpò rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀, ni wọ́n, wọn kì í ṣe spotted ray rárá. Mo fa igi sórí gbogbo ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀. Iye tó já sí ni catshark mẹ́rìnlá, thornback márùn-ún, undulate ray (skate náà ni) méjì, nursehound (ekurá mìíràn tó ń yé) kan tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, àti ọ̀kan tó ti ya kọjá ìdámọ̀.

Ibi tí mo ti ń nu wọ́n ni Tóbi ti mú catshark kan sókè síná. "Dádì, ẹnì kan ti lu eléyìí."

Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, róbótó, bí ẹni fi ìṣó tín-ín-rín lù ú. A yẹ àwọn yòókù wò. Mẹ́rin nínú mẹ́rìnlá ló ní irú ihò yẹn. Àwọn tí ọmọ ti jáde nínú wọn, orí wọn ló là gbọọrọ bí àpò lẹ́tà tí wọ́n ti ṣí. Àwọn oníhò, orí tiwọn dì pa. Ìgbín òkun ló jẹ wọ́n. Ahọ́n rẹ̀ rí bí ayùn, á máa fi ha àpò náà díẹ̀díẹ̀ títí á fi lu já, á wá fa ohun inú ẹyin mu. Ọmọ inú rẹ̀ ò sì ríbi sá. Oṣù márùn-ún sí mọ́kànlá ni ti catshark ń lò níbẹ̀, bí omi bá ṣe tutù tó. Tó bá dàgbà díẹ̀, àpò á là ní igun kí omi lè wọlé, ọmọ á wá máa ju ìrù kí omi tuntun lè máa kọjá lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ rí i lára ìran kan tí wọ́n ń pè ní bamboo shark pé bí ọmọ inú àpò bá fura pé ọ̀tá wà nítòsí, á dá ìrù dúró, kò tún ní mí.

Ṣé ọba inú òkun nìyẹn? Irú ekurá tó wà láyé ju 500 lọ, púpọ̀ nínú wọn ò sì tó èèyàn lóòró. Catshark kì í sábà ju sẹ̀ńtímítà 75. Ìsàlẹ̀ omi ló ń gbé, tó ń jẹ alákàn, edé, ekòló, ìgbín, ẹja kéékèèké àti òkú ẹja tí ọkọ̀ apẹja bá dà nù. Ìgbín jẹ ẹ́ nígbà tó wà lẹ́yin. Ó dàgbà, òun náà ń jẹ ìgbín. Ẹja ńlá àti seal sì ń fi òun náà jẹun. Màmá mi á ní alárọ́bọ̀ ni. Ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀, ó ń gbé e fún àwọn tó wà lókè, ọjà ò sì lè ná láìsí i.

Àwọn ńláńlá náà niṣẹ́ tiwọn, àmọ́ eyín nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní Shark Bay, ní ìwọ̀-oòrùn Australia, láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń ṣọ́ tiger shark àti dugong, ẹranko omi tó ń jẹ koríko abẹ́ òkun bíi màlúù. Bí tiger shark bá ti pọ̀ níbì kan, dugong á yàgò fún koríko ibẹ̀, bó ti wù kó dára tó. Lọ́dún 2011, omi gbóná níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, koríko púpọ̀ kú. Àwọn òmùwẹ̀ wá fọwọ́ ara wọn tu koríko bí dugong tí ẹ̀rù ò bà á ṣe máa ń tu ú, láti mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ tí kò bá sí ekurá. Ibi tí wọ́n ti tu ú bẹ́ẹ̀, ìparun náà le sí i. Ìbẹ̀rù ekurá lásán ti tó iṣẹ́.

Ohun kan wà tí mo yọ kúrò nínú iṣẹ́ Tóbi, ó sì bínú. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ pé bí wọ́n ṣe pa ekurá ńlá tán ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ẹja pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní cownose ray ṣe pọ̀, tó sì jẹ ìṣáwùrú scallop ní North Carolina run. Ìtàn náà dùn, gbogbo ayé ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016, àwọn mìíràn tú ìṣirò náà wò, wọ́n ní kò dúró: ọmọ kan ṣoṣo ni cownose ray sábà máa ń bí lọ́dún, báwo ló ṣe fẹ́ yára pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo ní kó fi dugong rọ́pò rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ekurá gan-an ṣe rí nìyẹn, ọmọ wọn kì í yára pọ̀. Ẹja cod kan lè yé ẹyin mílíọ̀nù lẹ́ẹ̀kan. Méjì méjì ni catshark ń yé tirẹ̀. Àwọn ekurá àti ray tó ń rìn ní àárín agbami ti dín kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 1970, ẹja pípa ló sì fà á. Èmi náà wà níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín lágbègbè wa, ohun kan wà tí wọ́n ń kọ sára pátákó bíi "rock", mo ti jẹ ẹ́ láìmọye ìgbà. Ekurá kékeré ni.

Fífi wọ́n ránṣẹ́ ò ju ogún ìṣẹ́jú: fọ́tò, ibi tí a ti rí i, ọjọ́, iye. Mo fi fọ́tò èyí tó ya ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ojú tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wò ó. Tóbi lẹ àwọn oníhò mẹ́rin mọ́ páálí, ó gbé e lọ síléèwé. Ìyàwó mi ti ra bàsíà tuntun. Èyí àtijọ́ wà ní gáréèjì, ó ṣì ń rùn.